Pàǹtí, owó ìgò àti àjọṣe: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí rísáíkìlì ní Yúróòpù

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ló máa ń wọlé jù bí ọ̀rọ̀ pàǹtí ní Yúróòpù bá délẹ̀, látọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé níbẹ̀ àti àwọn tó wà nílé. Bó ṣe ń wọlé la ṣe tò ó, ẹ fo èyí tí kò bá kàn yín.

Kí ni circular economy tí wọ́n ń pariwo yìí, ṣé kì í ṣe rísáíkìlì náà ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà?

Rísáíkìlì wà nínú ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn pátápátá ló wà. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí nǹkan má tètè di pàǹtí rárá, kí wọ́n ṣe é kó lálòpẹ́, tó bá bàjẹ́ kó ṣeé tún ṣe, kí ẹlòmíì rà á lò tó bá ti sú yín, kí wọ́n tú u kí wọ́n yọ àwọn pátì tó ṣì dáa, ìgbà tí gbogbo ìyẹn ò bá ṣeé ṣe mọ́ ni wọ́n á tó lọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n yọ́ ọ láti fi ṣe tuntun. Èrò yìí ti pẹ́ o. Ní 1976 ni Walter Stahel, ayàwòrán ilé ọmọ Switzerland, àti Geneviève Reday kọ ìròyìn fún European Commission, àwọn tó ń ṣàkóso àjọ ilẹ̀ Yúróòpù tá à ń pè ní EU lónìí, pé ká máa tún nǹkan ṣe dípò ká máa ṣe tuntun ṣáá á fún èèyàn níṣẹ́, á sì dín epo àti iná tí wọ́n ń jó kù. Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn ẹ̀, December 2015, kí EU tó gbé ètò ńlá jáde lórí ẹ̀, wọ́n tún gbé òmíì jáde ní March 2020.

Ẹni tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tàn dé ọ́fíìsì àwọn kọ́ńpìnì ńlá ni Ellen MacArthur, obìnrin ará Bìrìtìkó tó dá wa ọkọ̀ ojú omi yí ayé po lọ́jọ́ 71 ní 2005. Ó ní inú ọkọ̀ yẹn lòun ti rí i pé ìwọ̀nba ohun tí èèyàn bá kó dání náà ló ní, ló bá dá àjọ sílẹ̀ lórí ẹ̀ ní 2010.

Kí ló dé tí irú iṣẹ́ yìí fi ní láti jẹ́ àjọṣe? Ṣé ìlú kan tàbí kọ́ńpìnì kan ò lè dá a ṣe ni?

Ẹni tó ń dá wàhálà sílẹ̀ àti ẹni tí wàhálà ń bá kì í ṣe ẹnì kan náà, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ wo àwo ike dúdú tí wọ́n fi ń ta ẹran ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tó ń ṣa ike sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ń lo iná kan tí ojú ò lè rí, tó máa tàn sára ike kó fi mọ irú ike tó jẹ́, àwọ̀ dúdú tí wọ́n fi carbon ṣe yẹn sì máa ń gbé iná náà mì, ẹ̀rọ ò ní rí nǹkan kan, àwo náà á kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń sun pàǹtí. Ẹni tó ṣe àwo náà ò pàdánù kọ́bọ̀. Ẹni tó tà á náà ò mọ̀. Káńsù tó gbé e àti ilé rísáíkìlì tó sanwó ẹ̀rọ ló jẹ gbèsè. Tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bá jókòó sórí tábìlì kan náà, ẹ̀rọ tó gbówó lórí jù láyé ò lè yanjú ẹ̀.

Èwo nínú irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ló ti pẹ́ jù tá a lè tọ́ka sí pé ó ṣiṣẹ́?

Kalundborg, ìlú kékeré kan létí òkun ní Dẹ́ńmáàkì. A máa fara balẹ̀ díẹ̀ lórí èyí torí òun ló dára jù lójú wa.

Omi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 1961 ilé ìfọpo tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ nílò omi púpọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà ò sì tó, ni wọ́n bá fa páìpù láti adágún Tissø. Ní 1972 ilé ìfọpo yẹn ní gáàsì tó ń ṣẹ́kù tí wọ́n kàn ń jó dà nù lójú ọ̀run (àwọn ará Niger Delta á mọ ohun tí à ń sọ), iléeṣẹ́ Gyproc tó ń ṣe pákó funfun tí wọ́n fi ń gé yàrá ní kí wọ́n máa tà á fún àwọn, àwọn fẹ́ máa fi gbẹ pákó àwọn. Látibẹ̀ ló ti ń tẹ̀ síwájú. Iléeṣẹ́ iná mànàmáná Asnæs tó wà níbẹ̀ ní ooru tó pọ̀ ju ohun tó lè lò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ooru fún ilé àwọn ará ìlú, ó ń ta omi híhó tó ti di èéfín fún ilé ìfọpo àti fún Novo, àwọn tó ń ṣe insulin fún àwọn onítọ̀ọ́gbẹ. Novo ní tiẹ̀ ní ìgẹ̀dẹ̀ tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn àgbẹ̀ àdúgbò ń kó o lọ sóko bí ajílẹ̀, yíìsì tó ti lò tán ń di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Eérú láti ibi iná lọ sí iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí ìjọba ní kí ibi iná máa fọ èéfín ẹ̀ kó tó tú u sáfẹ́fẹ́, ohun tó jáde nínú fífọ̀ náà ni gypsum, ohun tí Gyproc fi ń ṣe pákó gan-an, ni wọ́n bá ń kó o fún wọn láti 1993.

Kò sí ìjọba kankan tó jókòó ya máàpù pé báyìí ni kó rí. Ẹni méjì méjì ló ń bá ara wọn ṣe àdéhùn, olúkúlùkù sì ń wo èrè ti ara ẹ̀. Ìlú ò tóbi, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ mọra wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí ẹnì kan bá yí iṣẹ́ padà, ẹni tó ń jẹ lára pàǹtí ẹ̀ á wá nǹkan ṣe. Asnæs ti fi igi wẹ́wẹ́ rọ́pò èédú báyìí, ó dáa fún afẹ́fẹ́, àmọ́ igi kì í mú gypsum jáde bíi ti èédú. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé irú ètò yìí máa wà láéláé ń tan yín ni.

Ta ló ń sanwó irú àwọn pírójẹ́ẹ̀tì àjọṣe yìí?

Owó méjì ló wà, ẹ má da wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni owó ìdánwò. Ìyẹn ń ti àpò EU wá: Horizon Europe tó jẹ́ ti ìwádìí, bílíọ̀nù 95.5 Yúrò ni wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún un láti 2021 sí 2027. LIFE tó jẹ́ ti àyíká, tó ti wà láti 1992, tiẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 5.4 fún àkókò kan náà. Interreg wà fún àwọn agbègbè tó pààlà. Nínú Horizon, òfin gbogbogbò ni pé ó kéré tán kí iléeṣẹ́ tàbí yunifásítì mẹ́ta tí kò sí lábẹ́ ara wọn, láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta, jọ kọ ìwé béèrè owó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí yunifásítì ní Sípéènì, káńsù ní Pọ́lándì àti kọ́ńpìnì ẹlẹ́ni márùn-ún ní Finland lórí ìwé kan náà, nígbà míì kó jẹ́ pé ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan ara wọn.

Èkejì ni owó ojoojúmọ́, owó mọ́tò tó ń kó pàǹtí, owó oṣù àwọn tó ń ṣà á. EU kì í san ìyẹn. Ẹni tó ṣe ọjà ló yẹ kó san án: ẹ bá ta bísíkíìtì nínú ọ̀rá, ẹ máa sanwó bí ọ̀rá yẹn ṣe máa padà. Jámánì ló fi òfin sí i lórí àpò àti páálí ọjà ní 1991, àmì róbótó aláwọ̀ ewéko tí ẹ máa ń rí lára ọjà yẹn, ibẹ̀ ló ti wá. Lójú tiwa, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn bi pírójẹ́ẹ̀tì kankan ni pé tí owó ìdánwò bá tán, ta ló máa san owó ojoojúmọ́? Tí kò bá sí ìdáhùn, á ṣe fídíò tó dáa, á ní wẹ́bsáìtì, á sì parí síbẹ̀.

Ẹ sọ èyí tí wọ́n fi owó EU ṣe ká mọ bó ṣe ń rí.

REFLOW. 2019 ló bẹ̀rẹ̀, ó parí ní 2022, ìlú mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, Copenhagen Business School ló ṣáájú wọn. Olúkúlùkù ìlú mú ìṣòro kan. Amsterdam mú aṣọ. Paris mú igi tí wọ́n fi ń kan ìtàgé àti búkà níbi ayẹyẹ àti ibi àfihàn ọjà, tí wọ́n máa ń tú dà nù lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Milan mú oúnjẹ tó ń ṣẹ́kù lọ́jà. Vejle ní Dẹ́ńmáàkì mú ike, Berlin wo bí wọ́n ṣe lè rí ooru gbà nínú omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn lábẹ́ ìlú, Cluj-Napoca ní Ròmáníà mú ọ̀rọ̀ iná.

Ti Paris yẹn ló wù wá jù torí ó hàn kedere: igi ò bàjẹ́, ẹni tó ni ín ò kàn ní ibi tó máa kó o sí ni, ẹni tó nílò ẹ̀ ò sì mọ̀ pé ó wà, wọ́n á fọ́ ọ. Ìsọfúnni ló ń wọ́n, kì í ṣe igi.

Owó ìgò tí wọ́n ń dá padà níbi ẹ̀rọ yẹn, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹni tó bá ti ra mínírà onígò rí lọ́wọ́ ìyá oníṣọ́ọ̀bù ti mọ̀ ọ́n: ẹ ò mú ìgò wá, ẹ fi owó ìgò sílẹ̀, ẹ dá ìgò padà, ẹ gbowó yín. Ohun tí wọ́n ṣe náà nìyẹn, wọ́n kàn mú ike àti agolo mọ́ ọn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì. Swídìn ti ń ṣe é fún agolo láti 1984. Jámánì bẹ̀rẹ̀ ti ike àti agolo àlòsọnù ní 2003, sẹ́ǹtì 25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lituéníà bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn yòókù gbà: ohun tí wọ́n ń rí gbà padà tẹ́lẹ̀ ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, nígbà tí 2017 fi máa parí ó ti lé ní 90 nínú 100. Slovakia tẹ̀ lé e ní 2022, Ròmáníà ní ìparí 2023, Ireland ní February 2024, Austria ní January 2025, Pọ́lándì ní October 2025. Scotland fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2023 àmọ́ ìjà òun àti ìjọba London lórí bóyá ìgò onígíláàsì máa wà nínú ẹ̀ ló da ètò náà rú.

Àjọṣe inú ẹ̀ ni pé ilé ọtí, oní-mínírà àti súpámákẹ́ẹ̀tì tó ń bára wọn dupò lọ́jà ló jọ ni àjọ kan ṣoṣo tó ń darí owó náà. Nọ́wè tún gbọ́n sí i: ìjọba gbé owó orí lé ike àti agolo, bí wọ́n bá ṣe ń gbà á padà tó ni owó orí náà ń já wálẹ̀, tó bá ti dé 95 nínú 100 kò sí owó orí mọ́. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí àwọn oní-mínírà fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dá ìgò padà.

Ohun kan tí ìwé ìjọba kì í sọ ni ti àwọn tó ń ṣa ìgò ní Jámánì. Ìyá àgbà, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń wo inú bíìnì ní ibùdókọ̀ rélùwéè torí sẹ́ǹtì 25. Wọ́n tiẹ̀ ń pàrọwà fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa gbé ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìnì, kí wọ́n má sọ ọ́ sínú ẹ̀. Inú rere ni, àmọ́ ó tún ń sọ nǹkan fún èèyàn nípa owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀.

Mo gbọ́ nípa àmì tí ojú ò lè rí lára ọ̀rá. Kí nìyẹn?

HolyGrail 2.0 ni. Àwọn kọ́ńpìnì tó lé ní 160 ló wà nínú ẹ̀, AIM tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ni ọjà olórúkọ ní Yúróòpù ló ṣáájú. Wọ́n tẹ àmì wẹ́wẹ́ káàkiri ara ọ̀rá, ojú ò rí i, kámẹ́rà ibi ìṣàpàǹtí á kà á, á mọ̀ bóyá oúnjẹ ló wà nínú ẹ̀ tàbí ọṣẹ. Wọ́n dán an wò ní Copenhagen, ẹ̀rọ sì kà á dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó kù ni ta ló máa ra kámẹ́rà náà fún gbogbo ilé rísáíkìlì, a tún ti padà sórí owó ojoojúmọ́ nìyẹn.

Aṣọ ńkọ́?

Láti January 1, 2025 ni òfin EU ti ní kí wọ́n máa kó aṣọ sọ́tọ̀ kúrò lára pàǹtí yòókù. Òfin ti wà, ibi tí aṣọ ń lọ ni kò tíì tó. Aṣọ tó dáa á lọ sí ṣọ́ọ̀bù aláàánú bíi Emmaüs ní Faransé, tí Abbé Pierre dá sílẹ̀ ní 1949, tàbí De Kringwinkel ní Belgium, òmíì á wọ báálì wá sí Áfíríkà bí òkìrìkà. Ẹ̀wù tí wọ́n fi òwú àti polyester hun pọ̀ ló le jù, yíyà á sọ́tọ̀ ò rọrùn rárá.

Ẹ lọ wo Prato ní Ítálì. Láti bí ọdún 1800 àti nǹkan ni wọ́n ti ń gba akíṣà irun àgùntàn níbẹ̀, wọ́n á ṣà á ní àwọ̀ sí àwọ̀, pupa sí pupa, búlúù sí búlúù, wọ́n á fà á ya di òwú, wọ́n á tún un hun. Torí wọ́n ti ṣà á ní àwọ̀, wọn ò nílò láti pa á láró mọ́, omi àti kẹ́míkà tí ìyẹn ì bá gbà ti dín kù. Ọwọ́ àti ojú àwọn tó ń ṣà á ló ń ṣiṣẹ́ yẹn.

Ṣé àwọn aráàlú náà ní ohun tí wọ́n ń ṣe, àbí ti kọ́ńpìnì nìkan ni?

Wọ́n ní o. Repair Café bẹ̀rẹ̀ ní Amsterdam ní 2009, Martine Postma ló dá a sílẹ̀. Ẹ gbé tósítà yín tó bàjẹ́ wá, ẹni tó mọ iṣẹ́ á jókòó tì yín kẹ́ ẹ jọ tún un ṣe, ẹ ò sanwó iṣẹ́. Ní Eskilstuna ní Swídìn, mọ́ọ̀lù kan wà tó ń jẹ́ ReTuna láti 2015, ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe ló kún ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi tí aráàlú ń dà pàǹtí sí ló wà, àwọn òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ ṣa èyí tó dáa. Austria ní tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdajì owó àtúnṣe ẹ̀rọ iná fún aráàlú ní 2022, ohun tí wọ́n ń san nígbà náà ò sì ju 200 Yúrò lọ.

Capannori ní Ítálì náà wà. Olùkọ́ ilé ìwé kan, Rossano Ercolini, kò gbà kí wọ́n kọ́ ibi ìsunpàǹtí sí àdúgbò ẹ̀, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ìlú náà sì bọ́wọ́ lùwé ní 2007 pé àwọn máa lé pàǹtí dé òdo. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Goldman, tí wọ́n ń fún àwọn tó ń jà fún àyíká, ní 2013.

Pẹ̀lú gbogbo owó yìí, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan ní EU ní 2023, ìdá 11.8 nínú 100 péré ló wá láti ara ohun tí wọ́n ti lò rí, ní 2010 ó jẹ́ 10.7. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ti pàǹtí ilé sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sún mọ́ ìdajì tí wọ́n ń rísáíkìlì, àmọ́ Jámánì wà lókè 65 nínú 100, Ròmáníà ò tíì jìnnà sí 12. Òfin ní kí gbogbo wọn dé 55 ní 2025, 60 ní 2030, 65 ní 2035. Ní June 2023, European Commission fúnra ẹ̀ kìlọ̀ pé orílẹ̀-èdè 18 nínú 27 wà nínú ewu pé wọn ò ní bá àfojúsùn 2025.

Ara ìdí ẹ̀ ni pé ike tuntun tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe máa ń pọ́ọ́kú ju ti rísáíkìlì lọ tí owó epo bá ti já, kò sì sí oníṣòwò tó máa ra èyí tó wọ́n láìjẹ́ pé òfin fi dandan mú un. Wọ́n ti ń fi dandan mú un díẹ̀díẹ̀: ìgò omi àti mínírà oníke gbọ́dọ̀ ní ìdá 25 nínú 100 ike àlòkù láti 2025, á di 30 ní 2030.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń kó pàǹtí wọn wá bá wa?

Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe àná. Ní 1988 wọ́n rí àwọn àgbá kẹ́míkà olóró tó lé ní tọ́ọ̀nù 3,000 láti Ítálì ní Koko, tó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà yẹn, ọgbà ilé ẹnì kan ni wọ́n kó o sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló ta ilé lólobó. Ìjọba ní kí Ítálì wá kó ẹrù ẹ̀, wọ́n sì wá kó o, ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà ṣe òfin lórí pàǹtí olóró. Àdéhùn Basel tó ń darí bí pàǹtí ṣe ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíì tẹ̀ lé e ní 1989.

Lónìí tókunbọ̀ ló kù. Yunifásítì àjọ UN àti ibùdó Basel tó wà ní Ìbàdàn jọ ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016. Wọ́n rí i pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún kan, púpọ̀ nínú ẹ̀ wà nínú mọ́tò tókunbọ̀ tí wọ́n rọ fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n kún, èyí tó pọ̀ jù sì ń bọ̀ láti Yúróòpù. Ó kéré tán tọ́ọ̀nù 15,700 lára ẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ kó tó gúnlẹ̀. Àwọn tó ń tún nǹkan ṣe ní Alaba ń jí òkú ẹ̀rọ dìde, òótọ́ ni, ká sì yìn wọ́n, àmọ́ èyí tí wọn ò lè jí ni wọ́n ń sun ní àkìtàn torí kọ́pà inú wáyà.

Òfin ti ń yí padà. Láti January 1, 2025, lábẹ́ àdéhùn Basel, pàǹtí ẹ̀rọ kankan ò gbọ́dọ̀ kọjá bọ́dà láìjẹ́ pé orílẹ̀-èdè tó ń gbà á ti fọwọ́ sí i. EU tún ti ṣòfin ní 2024 pé láti November 21, 2026 kò sí kíkó pàǹtí ike lọ sáwọn orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú OECD, ẹgbẹ́ tí orílẹ̀-èdè olówó pọ̀ jù nínú ẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ihò tó kù ni pé tí ẹnì kan bá kọ ọ́ sí ìwé pé ẹrù àlòkù ni, kì í ṣe pàǹtí, ta ló máa tan fíríìjì náà wò ní èbúté?

Yunifásítì tàbí kọ́ńpìnì wa wà ní Nàìjíríà. Ṣé a lè wọ pírójẹ́ẹ̀tì EU?

Ẹ lè wọ̀ ọ́. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Horizon Europe lè fún lówó tààrà. Àmọ́ ẹ ò lè dá lọ o, ẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù wà. Ẹ wo Funding and Tenders Portal, wẹ́bsáìtì tí EU ti ń pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá kọ ìwé béèrè owó, ẹ sì wo CORDIS, àkójọ àwọn pírójẹ́ẹ̀tì tí EU ti fún lówó, kẹ́ ẹ lè mọ àwọn tó ti gbowó rí lórí irú iṣẹ́ yín, àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. Ẹ má dúró dìgbà tí ìpè bá ku oṣù kan, wọ́n á ti pé kó tó dìgbà yẹn. Ohun tẹ́ ẹ ní tí wọn ò ní ni pé ẹ mọ ibi tí ẹrù ń já sí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ireland, ẹ̀gbọ́n mi wà ní Jámánì, òfin ìgò wa ò jọra. Kí ni kí n mọ̀?

Ní Ireland, ike àti agolo tó bá ní àmì Re-turn ni: sẹ́ǹtì 15 tó bá jẹ́ ìdajì lítà sísàlẹ̀, 25 tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dé lítà mẹ́ta. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ o, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí báákóòdù ẹ̀. Ìgò onígíláàsì ò sí nínú ẹ̀, ti mílíìkì náà ò sí. Ẹ̀gbọ́n yín ní Jámánì ní tiẹ̀ máa gbowó lórí ike mílíìkì, ó ti wọ ètò láti January 2024. Ìgò bíà tí wọ́n ń fọ̀ lò padà náà ní owó tiẹ̀ níbẹ̀, sẹ́ǹtì 8 ló sábà máa ń jẹ́. Ìgò wáìnì ò sábà ní owó kankan, inú àpótí ńlá àdúgbò ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, funfun lọ́tọ̀, ewéko lọ́tọ̀, búráùn lọ́tọ̀, kó má sì lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday torí ariwo, àwọn aládùúgbò á yọjú lójú fèrèsé.